Ìjẹ́wọ́ Nínú Orin: Àyẹ̀wò Àwo-Orin Psychodrama Láti Ojú Lítíréṣọ̀ Alohùn Yorùbá

Ìfáárà

Láti ìgbà tí orin ráàpù ti gba ìgboro ni àwa olùkọ́ èdè ti pín sí ọ̀nà méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ariwo lásán ni, pé ọ̀rọ̀ ìgbéraga àti ìsọkúsọ ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ewì ni, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé irú ewì wo, wọn a ní ó ní àwítúnwí, wọn a ní ó ní àfiwé, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ìhà kankan. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a mú àwo-orin kan ṣoṣo, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ewì alohùn tiwa, kí a sì wo ohun tí ó lè kọ́ wa nípa iṣẹ́ tí a ń ṣe. Àwo-orin náà ni Psychodrama, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave gbé jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2019.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé wa dé ìdí àwo yìí, nítorí pé kì í ṣe irú orin tí a máa ń gbọ́ nílé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a fún àwọn ọmọ kíláàsì wa ní àròkọ láti kọ: ‘Irú Ẹni Tí Mo Jẹ́’. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun kò rí àǹfààní òun lórí ilẹ̀ ayé, àti pé bí òun bá sọnù nílé, yóò pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá òun. A tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. A fàlà sí abẹ́ àṣìṣe mẹ́ta. A fún un ní máàkì 13 nínú 20, a sì dá ìwé rẹ̀ padà. A kò bi í ní nǹkan kan. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọmọ yìí dẹ́kun wíwá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ó padà, tí a pè é jókòó, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Fóònù rẹ̀ ni ó nà sí wa, ó ní kí a jọ̀wọ́ gbọ́ orin kan. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo yìí ni.

Akọrin àti Àwo Rẹ̀

David Orobosa Omoregie ni orúkọ akọrin náà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1998. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Ẹ̀dó ni wọ́n, kì í ṣe Yorùbá. Nítorí náà, a kò ní fi agbára sọ orin rẹ̀ di tiwa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ń sọ ni ó fi kọrin. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí àwo náà jáde. Orin mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, Fraser T. Smith sì wà lára àwọn tí ó bá a ṣe é. Ó gba ẹ̀bùn Mercury ní ọdún 2019, ó sì gba ẹ̀bùn Brit fún àwo-orin tí ó tayọ ní ọdún 2020.

Orúkọ àwo náà gba àlàyé díẹ̀. Jacob Levy Moreno ni ó dá ọ̀nà ìtọ́jú tí ń jẹ́ psychodrama sílẹ̀. Nínú ìtọ́jú yìí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kì í kàn jókòó kí ó máa rò. Yóò dìde, yóò ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí eré níwájú àwọn ẹlòmíràn, wọn yóò sì bá a kó ipa àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀gbọ́n Dave kan wà lẹ́wọ̀n. Irú ìtọ́jú yìí ni ẹ̀gbọ́n náà gbà níbẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni àbúrò ti rí orúkọ àti ìgbékalẹ̀ àwo rẹ̀.

Ìgbékalẹ̀: Ààyè fún Ẹni tí Ń Sọ̀rọ̀

Nínú orin àkọ́kọ́, ‘Psycho’, kí akọrin tó lanu ni a ti ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. Onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ni. Ó dárúkọ ọjọ́, ó sọ pé David ni ó wà níwájú òun, ó sì bi í pé níbo ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwo náà ti ń lọ, ohùn yìí a máa padà wá. Gbogbo àwo náà wá dà bí ìjókòó níwájú olùtọ́jú, àwa olùgbọ́ sì dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn lámèyítọ́ mìíràn lè wí pé ọgbọ́n ìsọ̀tàn lásán ni èyí. Ní tiwa, òun gan-an ni òpó tí ó gbé ilé náà dúró. Ọmọkùnrin tí a tọ́ ní àdúgbò tí ojo ti ń di ẹran ìjẹ kò lè ṣàdédé dìde kí ó ní ẹ̀rù ń ba òun, kí ó ní òun kì í sùn. Bí ẹnìkan bá ti béèrè, tí a sì ti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìdáhùn, ìtìjú a dín kù. Kò di dandan kí ó sọ pé òun fẹ́ràn láti máa ráhùn. Wọ́n bi í ni, ó sì dáhùn.

A mọ irú ààyè bẹ́ẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ó ń lọ ilé ọkọ a máa tọ bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ, a máa sun ẹkún ìyàwó. Yóò dúpẹ́, yóò tọrọ ìre, yóò sì sọ ẹ̀rù ibi tí ó ń lọ síta gbangba. Bí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, wọn ì bá pè é ní aláìmoore. Ní ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí pé àṣà ti fún un láyè. Àwọn ọkùnrin pàápàá ní tiwọn. Ẹni tí ó bá sọ pé ọkùnrin kì í sunkún kò tíì dé ibi tí àwọn ọdẹ ti ń sun ìrèmọ̀jé fún ẹgbẹ́ wọn tí ó kú. Akin ni wọ́n, ọlọ́bẹ, oníbọn, wọ́n sì ń sọ ìbànújẹ́ wọn lóhùn gooro títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

‘Black’ àti Ọ̀rọ̀ Iyì Ara Ẹni

Orin tí ó jọ oríkì jù lọ nínú àwo náà ni ‘Black’. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘dúdú’, ni akọrin ń gbé síwájú gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn, tí ó sì ń fún ní ìtumọ̀ tuntun lọ́tun-lọ́tun: ìrora, ẹwà, ìtàn tí a gé kúrú, ìdílé, àárẹ̀, ayọ̀. Nígbà tí rédíò BBC ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọdún 2019, àwọn olùgbọ́ kan ráhùn lórí rẹ̀. Ní ayẹyẹ Brit ti ọdún 2020, Dave jókòó sí ìdí dùùrù, ó kọ ọ́, ó sì fi ẹsẹ tuntun kún un láti bá ìjọba Bìrìtìkó wí.

Àwítúnwí inú orin yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oríkì kì í fi àléébù pamọ́. Ó ń ka ọlá, ó sì ń ka ẹ̀gbin, àpapọ̀ méjèèjì ni a sì ń pè ní orúkọ ẹni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Láàrin wa, ẹnu ẹlòmíràn ni iyì ẹni ti ń wá. Ìyá ni ó ń kí ọmọ ní oríkì rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí orí ọmọ fi ń wú. Nínú orin yìí, akọrin kò dúró de ẹni tí yóò kì í. Ó ń ki ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ dáadáa yóò mọ̀ pé ìdánìkanwà wà lábẹ́ agbára yẹn. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé ta ni ó ń ki àwọn ọmọ tiwa ní òwúrọ̀ báyìí.

‘Lesley’: Ìtàn Ẹlòmíràn

Ní tiwa, ‘Lesley’ ni ó ga jù nínú àwo náà. Ó gùn ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, kò sì sú wa. Akọrin ń sọ ìtàn obìnrin kan tí ó ń bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin náà lóyún, ọkùnrin tí ó ń bá gbé sì ń fi ayé ni ín lára. Ìtàn náà kò yára. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi kíkí ara ẹni nínú ọkọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí a tó mọ̀, a ti wà nínú ìyẹ̀wù ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ní ìparí, akọrin yí ojú sí àwọn obìnrin tí ó wà nínú irú ìgbèkùn bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́.

Kí ni ìtàn Lesley ń ṣe nínú ìjókòó ìtọ́jú David? Ìbéèrè yìí ni Ifá lè bá wa dáhùn. Ẹni tí ó wá dáfá kì í sọ ohun tí ó bá wá fún babaláwo. Sí owó ni ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo a wá máa ki ẹsẹ, ẹsẹ a sì máa sọ ìtàn ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Nígbà tí oníbèéèrè bá gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun nìyẹn. Ohun tí ‘Lesley’ ń ṣe nìyí. Nínú àwọn orin tí ó ṣáájú, akọrin ń fi ‘èmi’ sọ̀rọ̀, ó sì ń dáàbò bo ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó gbé ìtàn ẹlòmíràn kalẹ̀, ààbò yẹn kúrò. Àrùn tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe. Orin tí ọmọ kíláàsì wa ní kí a gbọ́ nìyí. Kì í ṣe obìnrin, kò sì lóyún, ṣùgbọ́n inú ilé tí irú ìtàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ni ó ti ń jí lójoojúmọ́.

Àléébù Díẹ̀

A kò ní sọ pé àwo náà kò ní àbùkù. ‘Location’, tí Burna Boy bá a kọ, àti ‘Disaster’, tí J Hus bá a kọ, jẹ́ orin fàájì àti ìfọ́nnu. Àwọn kan ti gbèjà wọn pé ìbòjú ni wọ́n, pé bí aláìsàn ti í rẹ́rìn-ín láti fi ìrora pamọ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbòjú, ó yẹ kí ẹnìkan nínú àwo náà fọwọ́ kan án, kí a lè mọ̀ pé ìbòjú ni; kò sì sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú náà pàápàá kò ní ìwà kankan tí a lè tọ́ka sí. Ó ń béèrè, ó ń gbóríyìn, ó tán. Babaláwo a máa bá oníbèéèrè jiyàn. Ti inú àwo yìí kì í jiyàn.

Orin ìkẹyìn, ‘Drama’, ni ó tún ọ̀ràn náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà lẹ́wọ̀n ni Dave ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n náà lórí tẹlifóònù. Ìgbà náà ni ó yé wa pé ẹni tí ó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ń dúpẹ́, ó ń bínú, ó ń ṣàárò, láìya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bí ìrèmọ̀jé ni, àfi pé ẹni tí a ń sun ún fún ṣì wà láàyè.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iyì àwo yìí kò sí nínú pé akọrin jẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni lè jẹ́wọ́. Iyì rẹ̀ ni pé ó wá ààyè kan tí a lè gbé jẹ́wọ́ láìtẹ́, ó sì kọ́ orin yí i ká. A tún ti fi hàn pé irú ààyè bẹ́ẹ̀ kún inú ẹkún ìyàwó, ìrèmọ̀jé àti ẹsẹ Ifá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ pé ìtọ́jú ọkàn jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, kí ó rántí Aro ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀mọ̀wé Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 láti máa fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé láàrin ènìyàn, tí ó sì ń pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀bi wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni pé a ti sọ àwọn ewì wọ̀nyí di ibi tí a ti ń ṣa ọnà-èdè jọ fún ìdánwò. Ọmọ lè tọ́ka sí àfiwé mẹ́rin nínú ẹkún ìyàwó kí ó má mọ̀ pé ẹnìkan ń sunkún níbẹ̀. A sì ń kọ́ wọn ní òwe bíi ‘Ikú yá ju ẹ̀sín’ láìsọ pé ọ̀rọ̀ akọni lójú ogun ni, pé kì í ṣe fún ọmọdé tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

A kò sọ pé kí olùkọ́ di dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wa lọ, kí a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá kọ ohun tí ó ń dùn ún sínú àròkọ, kí a kọ́kọ́ kà á bí ẹni tí a kọ ọ́ sí, kí a tó gbé gègé pupa. Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti jáde ilé-ìwé báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, a sì máa ń pè wá lórí fóònù. Ìwé àròkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú máàkì 13 náà. A fi í pamọ́ kí a má baà gbàgbé.