Bọ́tìnì Tó Ń Díwọ̀n Ayé

Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di bọ́tìnì róbótó kan mú lókè ojú mi ọ̀tún, mo sì rọra yí i. Yàrá ìgbàlejò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo jókòó sí, nílùú Houston. Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú mi, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bọ́tìnì ṣe yí díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, bí ìgbà tí ọyẹ́ bo òpópónà láàárọ̀, omi adágún kan sì hàn níbi tó wà. Mo tún yí i, igi tò sí etí omi náà. Mo tún yí i, òkè ńlá kan tí yìnyín funfun bò lórí yọ lẹ́yìn àwọn igi. Òkè Hood ni, tó wà ní ìpínlẹ̀ Oregon, tó ga ju 3,400 mítà lọ. Kọ́tìnnì ti lọ, tẹlifíṣọ̀n ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọ̀tún, apá àga ṣì wà níbẹ̀. Mo wo òsì, mo rí ife tíì mi lórí tábìlì.

Awò tí mo gbé wọ̀ yìí ni Apple Vision Pro. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ Apple fi í han aráyé, oṣù Kejì ọdún 2024 ló sì dé ọjà ní Amẹ́ríkà, ní dọ́là 3,499. Owó náà pọ̀, awò náà sì wúwo lójú. Àwọn ẹlòmíì ti sọ ìyẹn tó. Bọ́tìnì kan ṣoṣo yẹn ni èmi fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n báyìí.

Ẹni tó ń wọ odò lọ kì í ti orí ilẹ̀ gbígbẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibú lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á kọ́kọ́ dé kókósẹ̀, á dé orúnkún, á dé ìbàdí, á dé ọrùn. Ẹni tó wọ odò ló sì ń pinnu ibi tó fẹ́ dúró sí: ẹni tó fẹ́ pọnmi kò ní ju orúnkún lọ, ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ á máa lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ àti ìsàlẹ̀ ibú nìkan ni ọ̀pọ̀ awò irú èyí ní fún wa. Bí o bá gbé e bojú, yàrá rẹ parẹ́. Bí o bá bọ́ ọ, ayé inú awò parẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dún 1968 ni Ivan Sutherland gbé iṣẹ́ kan jáde tó ṣe ní Yunifásítì Harvard: awò agbéborí tí wọ́n fi irin so mọ́ àjà. Dígí tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn lè wò gbà, nítorí náà àwòrán onílà tí kọ̀ǹpútà ń yà léfòó sínú yàrá tí gbogbo èèyàn ń rí. Lọ́dún 1994, Paul Milgram àti Fumio Kishino fa ìlà kan sínú ìwé. Wọ́n fi ayé gidi sí ìpẹ̀kun kan, wọ́n fi ayé tí kọ̀ǹpútà dá sí ìpẹ̀kun kejì, wọ́n ní àdàpọ̀ ni gbogbo ohun tó wà láàárín. Síbẹ̀, awò Oculus Rift tó dé ọjà lọ́dún 2016 bo ojú pátápátá. Àwọn awò mìíràn tún wá fi ògiri onílà yí ẹni tó wọ̀ wọ́n ká, tó máa ń yọ bí onítọ̀hún bá fẹ́ fẹsẹ̀ gbá àga. Ògiri yẹn wúlò, ó ti gba orúnkún púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ó ń kìlọ̀ ni, kò díwọ̀n nǹkan kan. Orí bọ́tìnì yìí ni èmi ti kọ́kọ́ fi ìka ara mi kan ìlà tí Milgram àti Kishino fà.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú pé bọ́tìnì tí a ń fọwọ́ dì mú ni. Ẹni tó wọ awò kò lè rí bọ́tìnì náà, lókè ojú ara rẹ̀ ló wà. Ìka ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ara aago ọwọ́ ni wọ́n ti yá a, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń wáìńdì aago, tí Apple sì ti fi sára aago tirẹ̀ lọ́dún 2015. Onígángan ni mo rántí nígbà tí mo ń yí i. Onígángan kì í wo ọ̀sán ìlù rẹ̀. Apá ló fi ń fún un ní abíyá, ohùn á gòkè, ohùn á sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wà lára ẹni tó ń kì. Bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ṣe wà lára òkè náà nígbà tí ìka mi ń sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó.

Etí àwòrán ni iṣẹ́ náà ti le jù. Níbi tí adágún ti pàdé àga ẹ̀gbọ́n mi, mo wá ìlà tó pààlà wọn, mi ò rí i. Omi ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, aṣọ àga ń nípọn díẹ̀díẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti fi ìko so àdìrẹ, tí aró ń ṣá wọ inú funfun. Ká ní wọ́n gé e ṣánṣán ni, òkè náà ì bá di fọ́tò inú férémù. Igun ojú wa kì í sì í fojú fo ohun tó bá ń mì. Ìlà tó mú ṣáṣá ì bá máa fa ojú mi kúrò lára òkè nígbàkúùgbà tí mo bá yí orí.

Ìtura ara náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú bá ní à ń rìn, tí etí inú sì ní ojú kan la jókòó sí, òòyì ló ń tẹ̀ lé e, èébì ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún 2016, Ajoy Fernandes àti Steven Feiner ní Yunifásítì Columbia ṣe ìdánwò kan: wọ́n ń rọra dín etí ohun tí èèyàn ń rí kù nígbà tó bá ń rìn nínú ayé awò. Ara tu àwọn tó kópa nínú ìdánwò náà jù nígbà tí wọ́n ń dín in kù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Apá àga tí mo ń rí ní igun ojú mi ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó ń sọ fún ara mi pé, “Houston lo wà, jókòó jẹ́jẹ́.”

Yàrá tí mo ń pè ní yàrá gidi yìí gan-an, àwòrán ni. Awò yìí kò ní dígí tí èèyàn lè wò gbà bíi ti Sutherland. Kámẹ́rà 12 ló wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní R1 sì ń gba ohun tí wọ́n rí, ó ń gbé e sí iwájú ojú mi láàárín ìdá 12 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo lè nawọ́ sí ife kí ife sì dà bí ẹni ń sá fún mi. Mo nawọ́, mo gbé tíì, mo mu ún, ìka mi kò ṣìnà. Ìgbà tí mo gbé ife kalẹ̀ ni mo tó rántí pé kámẹ́rà ló fi í hàn mí.

Ìwé kan tí mo ń kà léfòó lórí omi náà, bíi pátákó dígí. Wọn kò kùn ún ní àwọ̀ gidigidi. Ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ wá, nítorí náà ó bá yàrá mu, ó sì bá òkè mu, bí mo ṣe ń yí bọ́tìnì lọ yí i bọ̀. Bí mo bá wo àmì kan lórí rẹ̀, àmì náà á tàn díẹ̀. Áàpù fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí ojú mi wà. Inú awò ni ìmọ̀ yẹn ń dúró sí, àfi ìgbà tí mo bá fi ìka méjì kanra lórí itan mi ni áàpù ń gbọ́ pé mo ti yan nǹkan. Apple sì sọ fún àwọn tó ń ṣe áàpù pé àárín àmì kan sí àárín èkejì kò gbọdọ̀ dín ní póìntì 60, nítorí ojú kì í dúró gbọn-in bí ìka. Ẹni tó fi ìwọ̀n yẹn lélẹ̀ ti fara balẹ̀ wo bí ojú ọmọ èèyàn ṣe ń ṣe.

Mo yí bọ́tìnì dé òpin. Àga lọ, tábìlì lọ, adágún yí mi ká. Ibi tí mo wà nìyẹn tí nǹkan kan fi ń mì ní ẹ̀gbẹ́ igi. Ó kọ́kọ́ dà bí òjìji, lẹ́yìn náà mo rí gèlè, mo rí ìró àti bùbá, mo rí abọ́ ẹ̀pà lọ́wọ́. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, tó wá láti Ọ̀yọ́ wá bá wọn wo ọmọ tuntun. Òkè Hood ya fún wọn láti kọjá.

Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí èèyàn bá sún mọ́ ẹni tó wọ awò, ayé inú awò á fúyẹ́ níbi tí onítọ̀hún wà, títí ara rẹ̀ á fi hàn. Ní ti àwọn tó ṣe é, bóyá kí èèyàn má baà já ara wọn láyà ni wọ́n ń rò. Lójú tèmi, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa, àgbà kì í wọlé kí ọmọdé jókòó bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ohun èlò tí kò bá jẹ́ kí n rí Ìyá nígbà tí wọ́n wọlé ti sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú wọn, mi ò sì ní mọ̀. Mo dìde kúrò lórí àga, mo nawọ́ kanlẹ̀.

“Ẹ káàsán mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Kí lò ń wò?”

“Òkè ni mà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá wo iwájú awò náà dáadáa. Àwòrán ojú mi ń hàn níta níbẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ń rí wọn. Ká ní mo rì pátápátá tí mi ò rí wọn, àwọ̀ kan ni ì bá máa ṣàn níbẹ̀ dípò ojú, láti sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé mi ò sí nílé. Nígbà tí ayé inú awò bá gba gbogbo ojú, bí èèyàn bá ń kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tó ń sún mọ́ mítà kan ààbọ̀, ayé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, yàrá á padà wá pàdé rẹ̀ kó tó fi orí gbá ògiri.

Àwọn tó ń kọ áàpù fún awò yìí ní àyè tiwọn nínú ìwọ̀n náà. Wọ́n lè jẹ́ kí iṣẹ́ wọn wà nínú yàrá bí ohun èlò ilé, wọ́n lè jẹ́ kó gba gbogbo ojú, wọ́n sì lè fi sábẹ́ bọ́tìnì. Bí wọ́n bá fi sábẹ́ bọ́tìnì tí wọn kò sì yan ìwọ̀n tiwọn, láti nǹkan bí dígírì 120 níwájú ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fẹ̀ dé 360. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti lè fúnra wọn yan ibi tó kéré jù, ibi tó pọ̀ jù àti ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: eré sinimá kò fẹ́ irú ààlà tí ìwé ìdáná fẹ́. Àmọ́ láàárín ibi tí wọ́n bá fi ààlà sí, ọwọ́ ẹni tó wọ awò ni ìpinnu wà, bó bá sì tẹ bọ́tìnì yẹn wọlé, ojúlé á ṣí fún un láti kúrò. Oníṣẹ́ ọnà tó kọ́ ayé tó rẹwà tó báyìí, tó wá kó kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́, ó yẹ ká kí i.

Ìyá jókòó sí àga tó kọjú sí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà, wọ́n ń sọ bí ẹ̀pà Houston kò ṣe dùn tó ti Ọ̀yọ́. Àga wọn wà láàárín adágún. Mo mú bọ́tìnì náà, mo yí i padà díẹ̀díẹ̀, títí omi fi fà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Mo dá a dúró síbẹ̀. Òkè ṣì wà lókè orí wọn, yìnyín sì wà lórí òkè. Mo na ọwọ́, wọ́n bu ẹ̀pà sí i.