Orúkọ Bulla àti ìpín àwọn ìgbín òkun

Nígbà tí Linnaeus tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé rẹ̀, Systema Naturae, jáde ní ọdún 1758, ó kó ọ̀pọ̀ ìgbín jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: Bulla. Ní èdè Látìn, ìhó tí ó wú lójú omi ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kí ìkarahun sáà ti wú bí ìhó, ó tó láti mú ẹ̀dá wọ ẹgbẹ́ yìí. Bulla ampulla wà níbẹ̀, Bulla physis náà wà níbẹ̀; inú òkun ilẹ̀ olóoru ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ṣùgbọ́n Bulla achatina tún wà níbẹ̀, èyí ni ó sì yẹ kí ó ya ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu. Ìgbín ni: ìgbín ńlá inú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí kò mọ òkun rí.

Ẹni tí ó mọ ìgbín yàtọ̀ sí ìṣáwùrú kò lè da igbó pọ̀ mọ́ omi báyìí. Àfiwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìsọlórúkọ, gbogbo èdè ni ó ń lò ó. Ibi tí Linnaeus ti ṣìnà ni pé ó sọ àfiwé di ìpín.

Ní ọdún 1757, Michel Adanson, ará Faransé tí ó ti gbé ní Senegal, ti tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹ̀dá oníkarahun ibẹ̀. Ó ṣe àpèjúwe ẹran inú ìkarahun, kò fi ìkarahun nìkan ṣe ẹ̀rí. Ó ṣeni láàánú pé láti 1758 ni òfin orúkọ ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ọdún kan péré ni ó ti ìwé tí ó jinlẹ̀ jù sẹ́yìn.

Lamarck yọ ìgbín igbó kúrò ní 1799, ó pè é ní Achatina. Ní 1817, Schumacher dá Hydatina sílẹ̀, ibẹ̀ ni physis wà lónìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bulla ní ìkarahun líle, a máa rì sínú iyanrìn lọ́sàn-án, a sì máa jẹ ewéko òkun. Ìkarahun Hydatina fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ jọ aró, ekòló inú iyanrìn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ ìhó kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ fi ń pe méjèèjì.

Nítorí náà, bí olùkọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ bá túmọ̀ orúkọ yìí sí «ìgbín ìhó» ní Yorùbá-Nàgó, àṣìṣe 1758 ni ó tún gbìn sí orí ọmọdé. «Ìgbín òkun» sàn jù, nítorí ó kọ́kọ́ ya òkun kúrò lára igbó. Lẹ́yìn èyí, a lè pe Hydatina ní ìgbín òkun ajekòló, kí a sì pe Bulla ní ìgbín òkun ajewéko. Ìṣòro kan kù: Haminoea náà ń jẹ ewéko, ìdílé rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Bulla.