Irin Kò Mọ Ìjàkadì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìjàkadì, júdò tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lóde òní, ibi tí wọ́n ti ń gbé irin ló kọ́kọ́ ń bèèrè. N kò bá irin ṣọ̀tá o. Àmọ́ irin ní ibi ìdìmú, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà, kò sì ní fẹsẹ̀ kọ́ ọ lójijì. Èèyàn tí ẹ jọ wà lágbo ò rí bẹ́ẹ̀. Yóò yọ́, yóò yí ìbàdí, yóò gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ọ lọ́rùn. Agbára tí a fi ń kojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọwọ́, ẹ̀yìn, ìbàdí àti ẹsẹ̀ jọ ń lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ẹni tó ń gun ọ̀pẹ lóko tó yí Aṣéjìrẹ́, Ìkirè àti Àpòmù ká. Ó ti fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, ó fẹ̀yìn tì í, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ. Bó bá fẹ́ gòkè, á fa ara mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á ta igbà sókè, á tún fẹ̀yìn lé e, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ní ìwọ̀nba ìgbà tí igbà fi dẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ tó rinlẹ̀ àti ikùn tó le koko ni kò jẹ́ kó já bọ́. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníjàkadì máa ń pàrọ̀ ìdìmú, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣánlẹ̀.

Ní Ọ̀fà, tí oríkì wọn so mọ́ ìjàkadì, Ọba Ọlọ́fà àti ìjòyè Ẹ̀sà ṣì máa ń dìmú lójú agbo níbi ọdún Onímokà. Ayẹyẹ wà síbẹ̀. Ìgbaradì ló ń pòórá, nítorí kò fìgbà kan ní ilé tirẹ̀. Inú iṣẹ́ ló fara pamọ́ sí. Ọmọ tí kò gun igi, tí kò wa ọkọ̀ ojú omi, tí kò ru igi ìdáná, ó di dandan kó mọ̀ọ́mọ̀ wá a.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé ilé ìwé wa ní irú ìgbaradì yìí lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ di ìyà. Frog jump ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìfò òjijì. Pick-pin, tí a fi ń dúró lẹ́sẹ̀ kan tí ìka sì ń kanlẹ̀, ohun tí ara nílò ni nígbà tí ẹnìkan bá gba ẹsẹ̀ kejì mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ràn ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà?

Gama, oníjàkadì ará Íńdíà, ti fi irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ lókìkí: daṇḍ, tó jọ press-up tí ìbàdí ń rọ́ wálẹ̀, àti baithak, ìlóṣòó-dìde. Síbẹ̀, nígbà tó pàdé oníjàkadì mìíràn, Stanislaus Zbyszko, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1910, ẹni yẹn, tó wúwo jù ú lọ, dojú bolẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, Gama ò sì rí i dá. Ní Patiala, ní Íńdíà, lọ́dún 1928, kò tó ìṣẹ́jú kan tí Gama fi gbé e ṣánlẹ̀. Gama pàápàá ń gbé òkúta, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lójúmọ́.

Eré ìdárayá tí a fi ìwọ̀n ara ẹni ṣe náà ní àléébù tirẹ̀. Press-up àti ìlóṣòó-dìde ń kọ́ni ní títì, wọn ò kọ́ni ní fífà, bẹ́ẹ̀ fífà pọ̀ nínú ìjàkadì. Kí a so aṣọ tó nípọn mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, kí a di í mú, kí a fa ara sókè. Aṣọ yẹn á kọ́ ọwọ́ ní ohun tí irin kò lè kọ́ ọ. Ìwọ̀n ara ẹni náà lópin. Ẹni tó ti ṣe èyí fún oṣù díẹ̀, kó wá ẹnìkejì tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun, kó gbìyànjú láti gbé e.