Ohun Tí N Kò Ní Gé Lára Land Rover

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Land Rover àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbamu, n kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ tèmi ti òòlù kékeré, màá máa fi kan ṣáásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì yè á dún ketekete. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún gbọ̀ọ̀, ìpẹtà á sì máa já bọ́ sí mi lójú. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn yẹn tán ni mo tó lè dá ẹni tó ni mọ́tò lóhùn bóyá ká dá a sí bó ṣe wà látilẹ̀, tàbí ká yí i padà.

Ara mọ́tò yìí kọ́ ló ń dípẹtà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin wọ́n gógó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń pín in. Nígbà tí Maurice Wilks àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Rover fẹ́ ṣe mọ́tò tí àgbẹ̀ lè lò, wọ́n fi irin ṣe ṣáásí, wọ́n sì fi alumíníọ̀mù ṣe ara. Amsterdam ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé, ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1948. Ọ̀wọ́n irin ìgbà náà ló jẹ́ kí Land Rover ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò nílẹ̀ Ìgbómìnà dòní, tí ara wọn pé, tí ṣáásí wọn ti jẹrà. Ẹrẹ̀ oko tó há sínú ṣáásí láti òjò dé òjò ló ń ṣe iṣẹ́ ibi yẹn. Níbi tí alumíníọ̀mù bá sì ti fara kan irin, tí omi wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù náà á máa hu lẹ́búlẹ́bú funfun, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi tò ó. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ sípánà lò lè tú ilẹ̀kùn, òrùlé àti apá iwájú méjèèjì láàárọ̀, kó sì dì wọ́n padà kílẹ̀ tó ṣú. Láti ibẹ̀ ni mo ti mú òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Àtúnṣe tí sípánà lè tú kúrò lọ́la, mo ṣe tán láti ṣe é lónìí. Èyí tó bá gba pé kí n fi ayùn gé ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn, n kò ní ṣe é, iye yòówù kó wà ńlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi àwòrán hàn mí nínú fóònù wọn: táyà gbàǹgbà-gbàǹgbà, sípíríǹgì tí wọ́n gbé sókè, apá iwájú tí wọ́n gé kí táyà lè ráyè yí. Inú mi máa ń dùn pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ mọ́tò tó ju bàbá wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù yẹn kì í gba irú ìjórin tí àwọn ajórin àdúgbò wa ń ṣe. Iná á kàn dá a lu ni. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá gan-an ló sì ń gé ẹrẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ líle. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ sítíárì ló le jù lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Land Rover tó wọ̀lú ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Ọkùnrin kan jogún ọ̀kan, irú tí wọ́n ń pè ní Series IIA, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó fẹ́ máa gbé e lọ sóko àti sí ọjà Òmù-Àrán, ó ní kí n gbé sítíárì náà bọ́ sí òsì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ò gbà.

“Ẹ̀gbọ́n, ibi tí Bàbá ń jókòó sí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i.” Ó wá yíjú sí mi: “Ọ̀gá, kí lẹ rí sí i?”

Mo sọ fún un pé ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún lẹ́yìn tírélà lọ́nà Ìlọrin kò lè rí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú àfi tó bá ti yọ gbogbo ara mọ́tò tirẹ̀ síta. Mo sì mú un wá wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó. Àwọn tó ṣe Land Rover ti fi àyè pẹ́dàlì àti ti sítíárì síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n kàn fi irin pẹlẹbẹ dé èyí tí wọn ò lò ni. A gbé e bọ́ sí òsì láìgé ohunkóhun. Gbogbo ohun tí a tú lápá ọ̀tún, a fi gíríìsì pa á, a dì í sínú àpò, àbúrò náà ló sì gbà á tọ́jú.

Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, kò sẹ́ni tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ká fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kékeré pààrọ̀ ti Land Rover. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, bí búlọ́ọ̀kù kò bá tíì sán, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróò lítà 2.25 yẹn kì í ṣàṣàyàn epo, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, mẹkáníìkì abúlé lè tún un ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ó bá di dandan ká pààrọ̀ rẹ̀, kí èyí tuntun wọlé láìgé ṣáásí, kí ti àtijọ́ sì wà nílé.

Búrẹ́ẹ̀kì nìkan ni n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Páìpù kan ṣoṣo tó bá bẹ́ lára ti àtijọ́, gbogbo búrẹ́ẹ̀kì ti lọ nìyẹn. Mo máa ń sọ ọ́ di onílà méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá bẹ́. Ẹ̀mí ló ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi fọwọ́ kan gíà. Nínú Series II àti IIA, gíà kìíní àti ìkejì kò ní ohun tó ń mú kó wọlé wọ́ọ́rọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀méjì, kó tẹ iná díẹ̀ láàárín, kó fetí sí ohùn ẹ́ńjìnnì títí ìyára méjèèjì á fi bára mu. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tán, mọ́tò kankan kò tún ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀pá orí ofeefee tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́, àti ọ̀pá orí pupa tí wọ́n ń fà fún agbára nígbà tí ẹrẹ̀ bá dé ìdí. Mo máa ń kọ́ oníbàárà ní gbogbo rẹ̀ kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn kan ní kí a fi irú mọ́tò báyìí sí mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti ọdún 1945, mo sì ti lọ wo àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Ère lè dúró sójú kan kó má dínkù. Mọ́tò tó bá dúró sójú kan, rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, písìtìnì á lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, epo á dòdídì. Ojú ọ̀nà ni a ti ń dá Land Rover sí.

Nígbà tí iléeṣẹ́ Leyland ṣì ń to Land Rover ní Ìbàdàn, páàtì kò ṣòro rí bí ti òní. Wọ́n ti ṣe Defender àtijọ́, irú Land Rover tó tẹ̀ lé Series, kẹ́yìn ní Solihull ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2016. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ẹ má tíì pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹrẹ̀ inú ṣáásí, ẹ kán ẹ́ńjìn-ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó wọlé dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà wò. Bó bá yí, ẹ gbé e wá.