Ọṣẹ, Irin àti Ìtàn: Àyẹ̀wò Ìwé Johnson láti Ìba

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nínú ilé yín, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì kà á tán. A kò fẹ́ máa tún ìyìn rẹ̀ sọ títí, nítorí ìyìn náà ti kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti wo ìwé náà láti ibi kan tí a kì í sábà ti wò ó, èyí nì ni láti ojú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bèèrè ibi tí ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ti wá. Níbi tí ìyìn bá yẹ, a ó yìn ín. Níbi tí a bá sì rí àbùkù, a ó sọ ọ́ bí ọmọ ti í bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí kò ju báyìí lọ. Ní Ìba níhìn-ín, a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa pé kí olúkúlùkù mú ohun kan ṣoṣo wá láti inú ilé rẹ̀, kí ó sì wádìí bí nǹkan náà ti ṣe di nǹkan. Ọ̀kan mú ọ̀bẹ wá, èkejì mú ẹní wá, ọmọbìnrin kan sì mú ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ wá. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìdáhùn tí ó pọ̀ jù lọ lẹ́nu wọn ni pé, "Ọjà ni a ti rà á." Òmíràn ní Alábà ni, òmíràn ní Okokomaiko ni. Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan dìde tí ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ṣé àwọn baba wa ṣe nǹkan kan rí, tàbí wọ́n kàn ń rà á bí àwa náà ti ń rà á ni?" Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí bí ọmọ kan bá dàgbà pẹ̀lú èrò pé oníbàárà lásán ni òun láti ayébáyé, ìṣòro ni kí ó tó gbà pé òun lè di oníṣẹ́. Nígbà tí a délé, a ṣí ìwé Johnson.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ jìyà kí ó tó dé ọwọ́ wa. Johnson, ẹni tí a bí ní Hastings ní Sàró ní 1846, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí òkè òkun láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò rí i mọ́. Òun tìkára rẹ̀ kú ní 1901. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí ó sì tún fi ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e ní 1916, nígbà ogun. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé tí ó la irú èyí já yẹ ní ẹni tí a ń fi ara balẹ̀ kà.

Ní apá kìíní ìwé náà, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ìṣe àti àṣà, Johnson sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ó sọ ti àgbẹ̀ àti ahunṣọ, ti alágbẹ̀dẹ, ti àwọn obìnrin tí ń rànwú, tí ń rẹ aró, tí ń mọ ìkòkò, tí ń ṣe epo. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ irin ni ó dára jù lọ níbẹ̀. Ó sọ fún wa pé irin yíyọ́ ni ó fún Ìlọrin ní orúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń lọ irin. Pé ẹta ni orúkọ òkúta tí a ń yọ irin nínú rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ tirẹ̀. Àti pé èédú igi líle pẹ̀lú èésan ẹyìn ni a fi ń dá iná ìléru, tí a kì í sì í jẹ́ kí ó kú láti ọdún dé ọdún. Ó fi kún un pé kí òyìnbó tó dé, láti orí ohun ìjà títí dé abẹ́rẹ́, nílé ni a ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tirẹ̀, ọjà òyìnbó tí ó pọ́n, tí ó sì dínwó, ti ń lé ti ilé kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé ni ó lálòpẹ́ jù.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, ìléru. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí inú iná ìléru ni a sọ Ṣádráki, Méṣáki àti Àbẹ́dínígò sí. Nígbà tí a bi àwọn ọ̀dọ́ wa ní ohun tí ìléru jẹ́, gbogbo wọn dáhùn pé ti ọba Bábílónì ni. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó mọ̀ pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹnu alágbẹ̀dẹ Yorùbá ni wọ́n ti mú un. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó bí i ti kú. Nítorí náà, ìdáhùn sí ọmọkùnrin wa ń bẹ nínú ìwé Johnson, ó sì ṣe kedere: bẹ́ẹ̀ ni, àwọn baba rẹ ṣe é, àní láti inú òkúta.

Báyìí ni a dé orí àbùkù. Èkíní ni pé Johnson ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ogun, bí ẹni pé iṣẹ́ jẹ́ ti àṣà, tí ogun nìkan sì jẹ́ ti ìtàn. Ìwé náà ní ojú ewé tí ó lé ní 600. Iṣẹ́ ọwọ́ gba díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí ọba àti balógun gba ìyókù. Síbẹ̀ ogun wọ̀nyí kò ṣeé yé ènìyàn bí kò bá mọ̀ nípa epo. Ẹ wo ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí a kò sì tú àgọ́ ká títí di 1893. Johnson mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun náà wà lára àwọn ìránṣẹ́ àlàáfíà. Ó sọ fún wa pé Ìbàdàn ń wá ọ̀nà sí etí òkun láti ra ìbọn àti ẹ̀tù, àti pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó di ìlẹ̀kùn náà mú. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń ra ìbọn? Epo àti èkùrọ́ ni. Kí ni òyìnbó sì ń fi epo ṣe? Ọṣẹ ni, àti òróró fún ẹ̀rọ. Bí Johnson bá ti so ojú ewé epo mọ́ ojú ewé ogun, ọmọ tí ó di ọṣẹ mú lọ́wọ́ ì bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Kírìjì kàn án.

Àbùkù kejì ni ti orúkọ. Ẹ ṣí ìwé náà, orúkọ ọba, baṣọ̀run àti ológun ni ẹ ó máa bá pàdé lọ jàra. Orúkọ alágbẹ̀dẹ ṣọ̀wọ́n, ti aláró àti elépo ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Mímọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àgọ́ ní aginjù, a dárúkọ oníṣọ̀nà, a sì dárúkọ baba rẹ̀: Besaleli ọmọ Uri. Orúkọ nìkan sì kọ́ ni ó sọnù níbẹ̀, òógùn náà sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Johnson ròyìn ikú Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ní 1874, ó sì ròyìn ìlànà ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta tó pé ọ̀pọ̀ nínú epo tí ó gba ipò òwò ẹrú ní etí òkun wa, ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó kọ ọ́, ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó sì rù ú. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìtàn iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Kì í ṣe kí wọ́n lè máa yangàn nìkan ni a fi ń kọ́ wọn. A ń kọ́ wọn kí wọ́n lè mọ òtítọ́.

Àbùkù kẹta kàn wá tààrà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson nínú ọkàn rẹ̀, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ń wo ayé. Ohun tí ó kọ nípa àwa Àwórì, ará etí ọ̀sà, kò pọ̀. A kò dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí ènìyàn kan kò lè kọ gbogbo rẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ wa, ọmọbìnrin tí ó mú ọṣẹ wá sì ti fi bí a ó ti ṣe é hàn wá.

Ọmọ náà tọ ìyá rẹ̀ àgbà lọ. Ìyá yìí ṣàlàyé bí a ti ń sun ṣùkù ẹyìn àti èèpo kòkó di eérú, bí a ti ń sẹ́ omi eérú náà títí yóò fi mú, bí a sì ti ń sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ọmọ náà bi í pé, "Ìyá àgbà, èéṣe tí ẹ kò fi sọ fún wa rí?" Ó dáhùn pé, "Ta ni ó bi mí?" Láti ibẹ̀ a tọ ipa ọ̀nà ọṣẹ kejì, ti inú ìsọ̀. Ní 1884 ni William Lever bẹ̀rẹ̀ sí ta ọṣẹ Sunlight ní Ìlú Ọba, ní 1888 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú Port Sunlight lẹ́bàá Liverpool fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Epo láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí a fi ń ṣe é. Nígbà tí ó di 1923, ilé iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, a sì ń ṣe ọṣẹ ní Àpápá, kò jìnnà sí wa. Ní 2023, nígbà tí ó pé 100 ọdún gééré, ilé iṣẹ́ náà, tí a ń pè ní Unilever nísinsìnyí, kéde pé òun yóò dẹ́kun ṣíṣe ọṣẹ Sunlight, OMO àti Lux ní ilẹ̀ yìí. Epo lọ, ọṣẹ bọ̀. Ilé iṣẹ́ dé, ó sì jáwọ́. Ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún wà lórí ọṣẹ kan ṣoṣo, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti rìn ju etí ọ̀sà yìí lọ láti rí i.

Ẹ má ṣe rò pé ohun àtijọ́ nìkan ni a ń wí. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni a ti to mọ́tò tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, àti èyí tí a sọ ní Igala, tí a kó ẹ̀yà rẹ̀ wá láti Brasil, ilẹ̀ tí a ti kó àwọn ènìyàn wa lọ láti etí òkun yìí kan náà. Àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ti di baba àgbà nísinsìnyí. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ìjọ wa. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kí i láràárọ̀ láti ìgbà èwe wọn, wọn kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ bá a, ó mú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn olùkọ́ kan lè wí pé ìdánwò kì í bèèrè irú nǹkan wọ̀nyí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò kì í bèèrè orúkọ ìyá ẹni pẹ̀lú, síbẹ̀ a kì í tìtorí èyí gbàgbé rẹ̀. Àwọn mìíràn lè wí pé ìwé Johnson ti tó. A ti fi hàn pé kò tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí i, a kì bá tí mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí a dábàá rọrùn: kí ọmọ mú ohun kan lọ́wọ́, kí ó bi àgbà léèrè, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí iṣẹ́ náà wà tàbí ibi tí ó ti wà rí, kí ó kọ orúkọ oníṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, lẹ́yìn náà kí ó wá ka Johnson láti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ní ẹsẹ̀ àti gègé, àgbà ní ìrántí, ìrántí náà kò sì ní dúró dè wá pẹ́.

Ọmọkùnrin tí ó bi wá léèrè ti rí ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀bẹ ni ó mú wá ní ọjọ́ kìíní, ọ̀bẹ tí a kó wá láti òkè òkun. Nígbà tí a kà á fún un nínú ìwé Johnson pé láti orí ohun ìjà dé abẹ́rẹ́, nílé ni a ti ń ṣe é rí, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bèèrè ìbéèrè mìíràn: "Bàbá, ta ni ó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn?" Johnson kò dáhùn ìyẹn. Àwa náà kò lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọṣẹ, ẹní àti mọ́tò Ìjàpá, àwọn tí ó lè dáhùn ṣì jókòó pẹ̀lú wa nínú ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ ìsinmi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n.