Gáàdì Rédíétọ̀ Lára Alùpùpù

Gáàdì rédíétọ̀ ni àwọ̀n irin tí wọ́n ń dè síwájú rédíétọ̀ alùpùpù kí òkúta má baà lù ú. Ẹ̀yìn táyà iwájú gan-an ni rédíétọ̀ máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni táyà ń ta òkúta sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan Bajaj Boxer tó kún ìgboro Ìbàdàn, nítorí atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì tirẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀. Àwọn alùpùpù ńlá tí wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn ló kàn, irú bíi Honda CRF1000L Africa Twin tó dé ọjà ní 2016. Rédíétọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ra gáàdì ẹyọ kan fún un ti ṣe iṣẹ́ ààbọ̀.

Inú àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ ni omi gbígbóná ń gbà kọjá nínú rédíétọ̀. Àárín ọ̀pá sí ọ̀pá ni wọ́n to ewé alumíníọ̀mù tín-ín-rín sí, kí atẹ́gùn lè gbé ooru lọ. Ewé yìí rọ̀ débi pé èékánná lè tẹ̀ ẹ́. Bí òkúta bá tẹ ewé, atẹ́gùn kò ní í gba ojú ibẹ̀ mọ́; ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Bí ó bá lu ọ̀pá, omi á máa jò, agbára tí ìdérí rédíétọ̀ fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó má baà hó ní 100°C á sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í pẹ́ tí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì fi ń jó.

Ní ti gáàdì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe fúyẹ́, èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe sì le jù ú lọ, ṣùgbọ́n ihò ara gáàdì ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Oníṣẹ́ tó mòye a gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó sanwó. Èyí tí irin rẹ̀ pọ̀ ju ihò rẹ̀ lọ, bó ti wù kó lẹ́wà tó, yóò mú kí fáànù máa yí láìsinmi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí àwọn kan ń gé so mọ́ ọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrẹ̀ díẹ̀ ti tó láti dí i pa.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù kí iṣẹ́ dídè gáàdì tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí láti ṣí ìdérí rédíétọ̀ rárá. Wọ́n á fi omi tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ewé náà, wọ́n á sì rọra tọ́ èyí tó ti tẹ̀. Ojú bóòtù tó di rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ mú ni ọ̀pọ̀ gáàdì ń lò, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú bóòtù, kí rédíétọ̀ má baà fì rọ̀ sórí hóòsì. Gbogbo bóòtù gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ wọlé kí wọ́n tó fún ẹyọ kan le.

Àlàfo tó wà láàárín gáàdì àti ewé ni adùn iṣẹ́ yìí wà. Ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n. Gáàdì tó bá kan ewé yóò máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n rà láti gba rédíétọ̀ là á sì wá pa á. Ìwọ̀n mílímítà mélòó kan ti tó, bó bá ṣáà wà yíká. Níbi tí kò bá tó, wọ́n á fi wáṣà àti rọ́bà sí i, ṣùgbọ́n bóòtù náà gbọ́dọ̀ gùn sí i. Bóòtù tó fi eyín méjì péré di alumíníọ̀mù mú yóò ya ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Fún bóòtù mílímítà 6, nǹkan bí 10 Nm ni wọ́n ń fún un mọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá méjèèjì, tí wọ́n á sì tẹ ṣọ́ọ̀kù iwájú wálẹ̀ dáadáa, láti rí i pé mọ́gáàdì àti hóòsì bíréèkì kò kan nǹkan kan. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù yóò fi tàn. Fáànù tó tàn tó sì kú padà ń sọ pé atẹ́gùn ń kọjá. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, wọ́n á tún fi sípánà kan bóòtù kọ̀ọ̀kan wò. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ máa ń gan sẹ́yìn gáàdì níbi tí ojú kò tó. Wọ́n á tú u, wọ́n á sì da omi láti ẹ̀yìn rédíétọ̀ wá síwájú, kí ẹrẹ̀ lè gba ibi tó gbà wọlé jáde.