Ìlù Tó Mọ Orúkọ Ọba

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti káàkiri Ìgbómìnà, eégún kì í ti ìgbàlẹ̀ bọ́ síta lásán. Onílù a máa kì í, a máa pe ìdílé tó ni ín, a sì máa fi ìlù darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìlù bá yí ohùn padà, ijó náà á yí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti fi àwọn eégún wọ̀nyí han ayé, irú bíi John Pemberton tó kọ̀wé lórí wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978, àmọ́ àwòrán inú ìwé kò lè gbé ìlù. Ẹni tó wo agọ̀ láìgbọ́ ìlù kò tíì rí eégún.

Etí yẹn ni mo fi gbọ́ Black Panther, fíìmù akọni tí Ryan Coogler darí, tó jáde lọ́dún 2018. T'Challa, ọba Wakanda, a máa wọ aṣọ tó bò ó látorí dé ẹsẹ̀; ó mu oje ewé kan, ó bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Ará Ìgbómìnà kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Orin ló wá sọ aṣọ náà di agọ̀. Ludwig Göransson, ará Sweden tó ṣe orin fíìmù náà, lọ sí Senegal, ó tẹ̀ lé olórin Baaba Maal kiri, ó sì pàdé Massamba Diop tó ń lu tama. Ìbátan gángan wa ni tama: abẹ́ apá ni wọ́n ń há a mọ́, wọ́n á máa fún okùn rẹ̀ kó lè fọhùn. Göransson ṣàlàyé irú ẹni tí ọba náà jẹ́ fún un, Diop sì fi ìlù pe orúkọ T'Challa. Ìpè yẹn ló ń padà wá bí ọba bá ti fẹ́ ṣe gudugudu méje. Wọ́n fún Göransson ní Oscar lọ́dún 2019. Lójú tèmi, ìlù Diop ló jẹ ẹ́.

Àwo orin tí olórin Kendrick Lamar ṣe kòkáárí rẹ̀ fún fíìmù kan náà jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó dùn, ó sì gba àwọn ará South Africa bíi Sjava àti Babes Wodumo mọ́ra, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ ló wọnú fíìmù. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igbó Sambisa ní Nàìjíríà ni T'Challa ti kọ́kọ́ jà nínú fíìmù náà!

Nígbà tí fíìmù kejì, Wakanda Forever, dé lọ́dún 2022, wọ́n ti rántí wa. Èkó ni wọ́n ti ṣe àfihàn rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù kọkànlá. Burna Boy, Rema, CKay àti Tems kọrin fún un, pẹ̀lú Fireboy DML. Inú mi dùn sí i, síbẹ̀ mo bi ara mi léèrè: kí ni orin Burna Boy mọ̀ nípa ọba yìí? Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi í sínú àwo tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Ohùn wa ni wọ́n gbà. Iṣẹ́ onílù kọ́ ni wọ́n gbé fún wa.

Orin kan, Lift Me Up, ni mo yọ sọ́tọ̀. Chadwick Boseman, ẹni tó ṣe T'Challa, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní ẹni ọdún 43. Nínú fíìmù kejì, ìsìnkú T'Challa kún fún aṣọ funfun, ìlù àti ijó, nítorí ọba ló wàjà. Ṣùgbọ́n nílé wa, òkú ọ̀fọ̀ ni ẹni ọdún 43; a kì í jó nídìí rẹ̀. Fíìmù náà lu ìlù ọba, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin. Lift Me Up, tí Tems bá wọn kọ tí Rihanna gbé sóhùn, tí wọ́n sì yàn fún Oscar, kò pe ọba rárá. Ó rọra ń bẹ ẹnì kan pé kó gbá òun mọ́ra, bí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ.